Bàtà Ọ̀gágun

Mo fi ọdún mẹ́rìndínlógún kun bàtà rẹ̀,
èmi Lámídì, kọ́púrà, ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọrà.
Mo kùn ún títí ó fi ń dán bí ojú omi kànga,
mo ń rí eyín ara mi nínú rẹ̀.
Ẹ má sọ fún mi pé ẹ mọ Ọ̀gágun Ọyádìran.
Ẹni tó fọṣọ ló mọ àbààwọ́n.

Ó fẹ̀yìn tì, ó padà sílé l'Ógbómọ̀ṣọ́.
A rò pé yóò kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
yóò máa jókòó sábẹ́ máńgòrò, kó máa bú ìjọba.
Ó ra kẹ̀kẹ́ ológeere.
Kẹ̀kẹ́! Odidi ọ̀gágun!
Ó ń gùn ún lọ sí Ajáàwà, lọ sí Téwùrè,
níbi tí màlúù ti jẹ ẹ̀gẹ́, tí àdá ti jẹ màlúù,
tí ṣakabùlà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ èèyàn.
Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn darandaran àti àwọn àgbẹ̀
fọ́jọ́ mẹ́ta, kò gbóhùn sókè lẹ́ẹ̀kan.
Èmi tí mo gbọ́ ohùn yẹn rí nígbà tó ń pàṣẹ,
ara mi bù máṣọ.

Nígbà tó gba fọ́ọ̀mù ìbò, mo ní,
"Ọ̀gá, lójú ogun, a mọ ibi tọ́tàá dúró sí."
Ó rẹ́rìn-ín ìdajì.

Ó dọjọ́ ìpolongo ní Arówómọlẹ̀.
Ìyá arúgbó kan dìde, kò gba gbohùngbohùn:
"Ọyádìran, níbo lo fi Ọlátẹ́jú mi sí?"
Pápá pa rọ́rọ́.
Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fẹ́ fipá mú ìyá jókòó.
Ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ó ṣí fìlà.
Ó dárúkọ odò kan tí mi ò fẹ́ gbọ́ mọ́,
ó ka nọ́ńbà ọmọ náà láìwo ìwé.
"Èmi ni mo ní kí wọ́n sọdá.
Wọ́n ti sọ fún mi pé omi kún."
Ìyẹn nìkan. Kò ní ìjọba ni, kò ní ogun ni.
Ìyá wò ó, ó tún ìró ró, ó gba ilé lọ.
Kò dárí jì í o.
Ẹ má fi kún un nígbà tẹ́ ẹ bá ń rò ó.

Wọ́n ní eérú í tọ ẹni tó dà á.
Òótọ́ ni. Ta wá ni í gbá eérú?

Ó wọlé. Arówómọlẹ̀ nìkan ló ti fìdí rẹmi,
ìbò mọ́kànlá péré.
Ó ní, "Wọ́n kà á dáadáa."
Arówómọlẹ̀ ni káàdì tèmi náà wà.
Ẹ má bi mí.

Bàtà yẹn ṣì ń bẹ lábẹ́ ibùsùn mi.
N kò kùn ún mọ́, n kò sì lè dáná sun ún.
Nígbà òjò, ó máa ń hu funfun,
bí ẹni pé òun náà ti ń darúgbó.