Rárá Mẹ́ta

Ìwé náà kò léèpo mọ́.
Ikán ti jẹ orúkọ rẹ̀, ó jẹ orúkọ ẹni tó kọ ọ́,
ó wá kúkú dá ìtàn sí.
Ẹ̀dà mẹ́tàdínlógún la ní fún ọmọ mọ́kànlélógójì
nílé ẹ̀kọ́ wa lẹ́yìn ojú irin rélùwéè, ní Òṣogbo.

Ìtàn Balógun Láníyonu ni.
Ọba tọ́ ọ dàgbà, ọba fún un lẹ́ṣin, ọba fún un níyàwó,
títí Ọ̀túnlà fi fa àga sún mọ́ ọn lálẹ́ ọjọ́ kan,
tó ní, "Ìwọ tí o kì í dalẹ̀,
ta ni yóò gba ìlú yìí sílẹ̀ bí kò ṣe ìwọ?"

Mo kọ ọ́ sójú pátákó: Ìwà. Ẹ̀rí ọkàn. Ìpàrọwà.
Mo ní, "Ẹ wò ó, Ọ̀túnlà kò purọ́ rárá.
Ọba ti darúgbó lóòótọ́. Ebi ń pa ìlú lóòótọ́.
Kò bú Láníyonu, kò dẹ́rù bà á, kò fún un ní kọ́bọ̀.
Ìwà rere ọkùnrin náà gan-an ló fi ṣe àkàbà
tó gùn wọ inú rẹ̀."
Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò,
ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà nínú apó.
Nínú ìwé tiwa yìí, ọ̀rọ̀ rere ló yọ ọfà.

Adépàtẹ dìde, ọmọ kánsẹ́lọ̀ ni, ẹnu rẹ̀ mú.
"Tíṣà, ẹ̀bi Ọ̀túnlà kọ́.
Ó kanlẹ̀kùn ni. Ta ló ṣílẹ̀kùn?"
Kíláàsì pariwo, wọ́n lu tábìlì.
Ẹnìkan lẹ́yìn ní, bí olè bá kanlẹ̀kùn,
ṣé kì í ṣe olè mọ́ ni?
Mo jẹ́ kí wọ́n jà á.
Irú ìjà bẹ́ẹ̀ máa ń mú mi gbàgbé ooru abẹ́ páànù.

Àwẹ̀ró kò pariwo ní tirẹ̀.
Ó ti fi pẹ́ńsù fàlà sábẹ́ nǹkan.
"Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kọ̀ fún un," ó ní.
"Lójú ewé kejìlélógún: 'Rárá o! Láéláé!'
Lójú ewé kẹtàlélógún: 'Rárá, ọ̀rẹ́ mi.'
Lójú ewé kẹrìnlélógún, 'Rárá' nìkan,
kò tilẹ̀ ní àmì ìyanu.
Lẹ́yìn náà ló bèèrè pé, 'Báwo la ó ti ṣe é?'
Tíṣà, ìbéèrè yẹn ni mo rò pé ó pa ọba.
Idà kàn wá jẹ́rìí sí i ni."

Kíláàsì dákẹ́. Ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ mi.
Mo yíjú sí pátákó bí ẹni tó fẹ́ kọ nǹkan.

Ọdún kọkànlá rèé tí àna mi, Oyèbámijí,
gbé bébà kan wá bá mi nílé ní Gbọ̀nmi.
Ilẹ̀ opó kan ni, l'Ókè-Baálẹ̀, ilẹ̀ Ìyá Ṣùbúọlá.
Ẹlẹ́rìí ni wọ́n ń wá, ẹni tí ìlú mọ̀ sí olóòótọ́.
"Ìwọ mà ni," ó ní. "Bó o bá fọwọ́ sí i,
kò sẹ́ni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò."
Mo ní rárá o. Mo tún ní rárá.
Ìkẹta, n kò rántí bó ṣe jáde lẹ́nu mi.
Mo rántí pé mo bèèrè pé, "Bírò dà?"

Mo fún Àwẹ̀ró ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá.
Ó wá bi mí ìdí tí kò fi pé.
Mo ní àmì ìdánudúró kan ló fò. Irọ́ ni.
Ẹyọ kan yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi.
Ó di ẹ̀ẹ̀mejì báyìí
tí mo ti dé ẹnu ọ̀nà Ìyá Ṣùbúọlá,
tí mo yà sọ́dọ̀ ẹni tó ń lọ ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀,
tí mo bèèrè iye tí wọ́n ń lọ kóńgò kan,
èmi tí n kò gbé ata dání.