Ẹ Bá Mi Sún Un Síwájú

Ọjọ́bọ, aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀,
ilé iṣẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Láríndé ní Dúgbẹ̀, àjà kẹrin,
kí n wá fi ẹnu ara mi sọ ohun tí mo lè ṣe.
Ọjọ́bọ kan náà, aago mẹ́sàn-án kan náà,
Oríta Mẹ́fà, ẹ̀ka ìtọ́jú ojú,
kí Màmá wá gba ojú rẹ̀ padà.

Oṣù méje la fi dúró de ọjọ́ ojú.
Oṣù mọ́kànlá ni mo fi dúró de ọjọ́ iṣẹ́.
Àwọn méjèèjì wá yan wákàtí kan ṣoṣo,
bí ẹni pé wọn ò mọ̀ pé èmi ò ju ẹyọ kan lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ Ajé, mo jókòó sẹ́yìnkùlé wa ní Òkè-Ààrẹ.
Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í wọ yàrá, ẹ̀yìn kànga ló ti máa ń wá kí ni.
Bátìrì ku díẹ̀ kó kú.

Mo kọ ọ́:
“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú sà, mo kúnlẹ̀ sà,
ẹ forí jì mí nítorí Ọlọ́run—”
Mo kà á. Ó dà bí ohùn ẹni tó jí adìẹ gbé.
Mo pa á rẹ́.

Mo tún un kọ.
Mo ṣàlàyé bí ojú ọ̀tún ṣe kọ́kọ́ ṣú,
bí ti òsì ṣe tẹ̀lé e, bí Màmá ṣe ń bu iyọ̀ sínú tíì.
Mo ti kọ ìlà mẹ́tàlélógún, n kò tíì dé orí Ọjọ́bọ.
Ta ló fẹ́ ka ìtàn ìdílé wa ní kùtùkùtù?
Mo pa á rẹ́.

Mùfútáù tí a jọ ń gbélé ń fọ bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.
“Ìwọ náà! Sọ pé ẹnì kan kú.
Kò sẹ́ni tó ń béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ òkú.
Sọ pé ìyá àgbà ni.”
Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, ó ń bá bàtà rẹ̀ lọ.

Ìka mi tilẹ̀ ti gbé e:
“Ìyá àgbà mi—”
Látẹ̀yìn kọ́tìnnì, Màmá wúkọ́.
“Fadérera, ṣé o ti jẹun?”
Mo wo ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó wà lójú fóònù,
ìlà tín-ín-rín kan ń ṣẹ́jú lẹ́yìn wọn,
ó ń dúró de ohun tí màá fi Màmá ṣe.

Bí wọ́n bá gbà mí síṣẹ́ ńkọ́,
tí ọ̀gá wá bi mí lọ́jọ́ kan pé, “Níbo lò ń sáré lọ?”
Ṣé kí n ní òkú ló rán mi ní oògùn ojú?
Mo pa á rẹ́ kíákíá,
mo ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ó gbọ́.

Ìgbà náà ni mo kọ èyí:
“Ọ̀gbẹ́ni Láríndé, ẹ kú iṣẹ́.
Ẹ ṣeun tí ẹ pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò Ọjọ́bọ.
Ọjọ́ náà ni wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyá àgbà mi,
èmi ni mo sì máa dúró tì í.
Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ lè bá mi sún un síwájú?
Ọjọ́ Ẹtì tàbí ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, ìgbàkigbà tó bá rọ̀ yín lọ́rùn.
Iṣẹ́ yìí ṣì wù mí.
Èmi ni, Fadérera Oyèdòkun.”

Kò kúnlẹ̀, kò sì gbéraga.
Ìlà tó ní iṣẹ́ ṣì wù mí yìí,
ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo yọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo dá a padà.
Mo tẹ̀ ẹ́, ó lọ.
Bátìrì kú.

Ìṣẹ́gun, wọn ò fèsì.
Ọjọ́rú, wọn ò fèsì.

Ọjọ́bọ, Oríta Mẹ́fà. Bẹ́ǹṣì onírin tutù bí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́.
Wọ́n ti mú Màmá wọlé, ó bọ́ yẹtí rẹ̀ sí mi lọ́wọ́.
Aago mẹ́sàn-án pé.
Ní Dúgbẹ̀, ẹnì kan ń jókòó sórí àga mi,
ó ń fa kọ́là rẹ̀ gún.
Mo kí i nínú ọkàn mi. Kó ṣe dáadáa,
àmọ́ kó má ṣe dáadáa jù.

Fóònù gbọ̀n nínú àpò, yẹtí Màmá ń ta lára rẹ̀.
Mo tọwọ́ bọ̀ ọ́, n kò tíì yọ ọ́,
nọ́ọ̀sì yọjú lẹ́nu ọ̀nà.
“Ta ló bá Ìyá wá?”
Mo dìde.
“Èmi ni.”