Àárín Wa

Kùkù àgbàdo kan, ìyẹ́ adìyẹ mẹ́fà,
ohun tí a fi bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ní Ìyàrá.
Okùn ìsáṣọ ìyá rẹ la ta sáàárín igi káṣú méjì,
a pè é ní àwọ̀n.
Tíṣà Ọbájẹ́mú ń ti oko iṣu bọ̀, ó dúró,
ó fi kẹ̀kẹ́ ti igi, ó wò wá títí ilẹ̀ fi ṣú.
Kò yìn wá. Ó ní, "Ẹ bá mi ní Kàbà ní Sátidé."

Gbọ̀ngàn kan tí páànù rẹ̀ ti lu,
tí àdán ń gbé inú àjà rẹ̀.
Níbẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ fọwọ́ kan ojúlówó bọ́ọ̀lù bádímíntìn:
ìyẹ́ mẹ́rìndínlógún tí wọ́n tò yí orí kékeré kan ká,
ó fúyẹ́ bí ìgbà tí mo di èémí ẹlòmíì mú.
Ìwọ lẹ́yìn, èmi níwájú.
Ìwọ ń fọ́ ọ mọ́lẹ̀,
èmi ń pa èyí tó bá fẹ́ sá lọ létí àwọ̀n.
N kì í wẹ̀yìn.
Etí ni mo fi ń rí ọ: bàtà rẹ lórí pákó,
"Tèmi!"
"Tìrẹ!"
Bí mo bá sì ta á sóde, tí mo ń retí èébú,
"Òkun o," ni wàá wí,
ọ̀rọ̀ kan náà tí a fi ń kí ẹni tó bímọ,
tí a fi ń kí ẹni tí òjò pa.

Ọdún mẹ́sàn-án.
Lọ́kọ́ja, Bẹ̀ní, Àkúrẹ́, Akirá.
Bẹ́ẹ̀dì kan fún àwa méjì, gaàrí nínú àpò ràkẹ́ẹ̀tì.
A gba góòlù lẹ́ẹ̀mejì.
Owó rẹ̀ ṣì wà lọ́nà, wọ́n ní ó ń bọ̀.

Lẹ́yìn náà, Kàmpálà. Ogún sí ogún.
Bọ́ọ̀lù náà lọ sókè, ó pẹ́ lọ́hùn-ún,
ó ń sọ̀ bọ̀ wá sáàárín.
Mo ní, "Tìrẹ!"
O ní, "Tìrẹ!"
Ewúrẹ́ àjọní, ebi ní í pa á sórí ìso.
Ó bọ́ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, kò tilẹ̀ dún.
Ohun tó dún ni iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ rẹ
nígbà tí o pinnu láti fò, tó ti pẹ́ jù.
Mo wẹ̀yìn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.
Mo yanu.
Òkun kò jáde.

Wọ́n fi ọmọ Kàdúná kan rọ́pò rẹ, ó ga, ó yára.
A borí. Wọ́n fi mẹ́dàlì kọ́ mi lọ́rùn.
N kò pè ọ́.
Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Orúnkún tèmi náà ti dájọ́ fún mi.
Gbọ̀ngàn Kàbà náà ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ báyìí.
Wọ́n ti pààrọ̀ páànù, àwọn àdán kò lọ.
Mo gbọ́ pé ẹ̀gẹ́ lò ń rin ní Ayétòrò Gbẹdẹ,
pé bí bẹ́líìtì ẹ̀rọ bá já,
o kì í ṣe iṣẹ́ mọ́ lọ́jọ́ náà.

Lánàá, ọmọbìnrin méjì sáré sí bọ́ọ̀lù kan,
àwọn méjèèjì dúró,
ó bọ́ sáàárín wọn.
Wọ́n yíjú sí mi pé kí n sọ ẹni tó jẹ̀bi.
Mo wá kọ́kọ́rọ́, n kò rí i,
mo fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, mo wọ ọkọ̀.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ.
Ariwo ẹ̀rọ, omi ẹ̀gẹ́ lẹ́sẹ̀ mi.
Mo pe orúkọ rẹ, Jẹ́mílóhùn,
mo tún un pè,
ó sì di ẹ̀bẹ̀ lẹ́nu mi.
O kò gbójú sókè.
Ọwọ́ rẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń pa ẹ̀rọ.