Ìlà Tí Mo Fò

Èmi ni akọ̀wé ìjọ wa ní Òkè-Ẹ̀lẹ̀rín.
Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń di kálàmù mú,
tí mo ń kọ "a gbà á", tí mo ń kọ "a sún un síwájú",
tí mo ń kọ "àdúrà la fi kádìí ìpàdé".
Ìwé náà ti nípọn bíi búlọ́ọ̀kù.
Ìlà kan ṣoṣo ni kò sí níbẹ̀.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn,
a jókòó lórí ọ̀rọ̀ táìlì.
Díákónì Oyègúnlé ti lọ wò ó ní Ìlọrin,
ó ní ó ń dán débi pé èèyàn lè fi ṣe dígí.
A pàtẹ́wọ́.
Ìgbà náà ni Oyèlọ́lá, ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún,
dìde láàárín àwọn akọrin:
"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń gbá ilẹ̀ tí a fẹ́ lẹ táìlì sí?
Owó oṣù mélòó la jẹ ẹ́?"

Fáànù nìkan ló ń sọ̀rọ̀.
Ẹnì kan wúkọ́.
Alága ní ká tẹ̀síwájú,
kálàmù mi náà sì tẹ̀síwájú,
ó fo ìbéèrè náà bí ewúrẹ́ ṣe ń fo gọ́tà.

Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀.
Opó Àlàmú tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lọ́nà Tákíé.
Kílẹ̀ tó mọ́, ó ti débẹ̀,
ó ń gbá ewé máńgòrò tó gba ojú fèrèsé wọlé,
ó ń nu àga iwájú tí kò jókòó lé rí.
"Arábìnrin" là ń pè é.
Tábìlì kan náà la jọ ń jẹ lọ́jọ́ Oúnjẹ Olúwa,
òun ní í fọ ife.

Oṣù márùn-ún.
Mo mọ̀ ọ́n dé kọ́bọ̀, èmi ni mo ń kọ ọ́:
"Owó agbálẹ̀ di oṣù tó ń bọ̀."

Mo lọ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan.
Ó ń pa kajú tí wọ́n gbé fún un níye apẹ̀rẹ̀,
epo èèpo rẹ̀ ti bó o níka.
Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin jókòó tì í, ó ń pa tirẹ̀;
ó ti tó oṣù méjì tó ti fi ilé ìwé sílẹ̀.
Kò bi mí léèrè owó.
Ó ní: "Akọ̀wé, ẹsẹ̀ tó ń dun ìyàwó yín ńkọ́?"
Mo gbàgbé kọ́kọ́rọ́ síbẹ̀.

Nípàdé tó tẹ̀lé e, wọ́n ní kí n ka àkọsílẹ̀.
Mo kà á títí mo fi dé ibi àlàfo,
mo sì ka ohun tí kò sí nínú ìwé:
"Oyèlọ́lá bèèrè owó oṣù tí a jẹ Àwẹ̀ró.
Ìjọ kò dáhùn.
Akọ̀wé kò kọ ọ́."
Ìwé ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi.

N kò ní purọ́ fún yín, ọ̀run kò ṣí.
Díákónì Oyègúnlé mú fìlà rẹ̀, ó jáde, kò tíì padà.
A ti lọ bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta; ará wa lòun náà.
Àwọn kan ní mo dójú ti ìjọ.
Ìyá Mofọlákẹ́ tú etí ìró rẹ̀, ó gbé owó sórí tábìlì,
ó ní kí á fi ṣàánú opó.
Bàbá Adégbìjà, tó máa ń sùn ní gbogbo ìpàdé, lajú:
"Àánú wo? Gbèsè ni.
Akọ̀wé, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."
Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Sìmẹ́ńtì tó ti sán la ṣì ń tẹ̀.
A ti san oṣù márààrún, ọmọ ti padà sílé ìwé,
a sì ti ń bá Àwẹ̀ró gbálẹ̀, agbo ilé kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ tirẹ̀.
Sátidé àná ló kàn mí.
Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbá a láti ẹnu ọ̀nà dé ẹsẹ̀ àga ìwàásù,
ìbàdí ń ta mí, mo rò pé mo ti ṣe gudugudu méje.
Àwẹ̀ró dúró lẹ́yìn mi, ọwọ́ ní ìbàdí,
ó fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tọ́ka sí ewé kan:
"Akọ̀wé," ó ń rẹ́rìn-ín, "ẹ tún ti fo ibì kan."