Asẹ́

Ní Ostrava, ní àjà kẹrin, yìnyín ń kan fèrèsé,
Zbyněk jókòó ti àpótí ẹja rẹ̀,
ẹ̀rọ tí ń sẹ́ omi ń kùn bí ológbò tó yó.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi wa èédú nísàlẹ̀ ilẹ̀.
Nígbà tí ọlọ́jà fi àpò èédú kékeré lọ̀ ọ́,
pé yóò fa àwọ̀ àti òórùn kúrò nínú omi,
ó rẹ́rìn-ín, ó wúkọ́:
“Èmi náà ti sẹ́ èédú rí. Ẹ̀dọ̀fóró ni mo fi sẹ́ ẹ.”
Kànìnkànìn ló rà, àti òrùka amọ̀ oníhò wínníwínní.

Lọ́jọ́ Sátidé, Liběna ọmọ ọmọ rẹ̀ fẹ́ ṣoore.
Ó fọ kànìnkànìn lábẹ́ omi ẹ̀rọ,
ó fún un, ó tún un fún,
ó funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú.
Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, omi ṣú bí omidùn,
ẹja gbẹ́nu sókè, wọ́n ń tọrọ afẹ́fẹ́.

Kò bá a wí.
Ó kanlẹ̀kùn Vlasta aládùúgbò,
ó gba ìdajì kànìnkànìn tirẹ̀,
èyí tó ń yọ̀, tó ń rùn bí ilẹ̀ igbó lẹ́yìn òjò.
“Ìdọ̀tí kọ́. Ìlú ni.
Àwọn tójú ò rí ń gbé ibẹ̀,
wọ́n ń jẹ májèlé kó tó kan ẹja.
Bó bá dí, bu omi àpótí sínú báàkẹ́ẹ̀tì,
fún un lẹ́ẹ̀mejì. Ó tó.
A kì í gbálẹ̀ ká gbá onílé dànù.”

Lálẹ́, ikọ́ tún dé.
Liběna gbé etí lé àyà rẹ̀,
ó ń gbọ́ ọ, jẹ́jẹ́,
bí ẹni ń yẹ ẹ̀rọ wò.