Tàdáwà Abẹ́ Èékánná

Wọ́n wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n fi ọṣẹ dúdú kún un.
Àfáà Mùtáírù fúnra rẹ̀ ló di kànrìnkànrìn mú.
Ó jáde, ó ní, "Ẹ má bínú, ìyá Múínátù,
gbogbo ara ló mọ́,
tàdáwà abẹ́ èékánná nìkan ni kò gbà kó lọ."
Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà.
"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi bá a jà.
Ẹ fi sílẹ̀ fún un."

Lásísì atẹ̀wé, ní Ṣómólú,
ọkùnrin kúkúrú tó ń fi etí mọ àìsàn ẹ̀rọ.
Á dúró ti Kọ́ọ̀dù bí ẹni tí wọ́n ń sọ àṣírí fún,
á ní, "Rọ́là kejì ló ń húkọ́,"
rọ́là kejì náà ni.
Ààbọ̀ ọmọńdinrín ọwọ́ òsì rẹ̀ ti bá ọ̀bẹ agébébà lọ
lọ́dún tí wọ́n bí mi.
Tí mo bá bi í, á ní sàráà ìkómọ mi lòun fi ṣe.

Òkú ta ni kò tẹ̀?
Òkú olóyè, òkú olùkọ́, òkú ìyá oníbejì,
lẹ́tà aláwọ̀ wúrà, àwòrán tó ń rẹ́rìn-ín,
ojú ewé méjìlélọ́gbọ̀n lórí bébà dídán.
Òru Ọjọ́bọ̀ lòru òkú ní ìsọ̀ bàbá mi,
torí òwúrọ̀ Ẹtì ni ṣọ́ọ̀ṣì ń sìn wọ́n.
Àwọn ìwé òkú tó bàjẹ́ ni mo fi kọ́ ìwé kíkà:
kí n tó mọ "ajá", mo ti mọ "olóògbé".
Ojú òkú ọlọ́kú la fi ń bo ìwé ilé ẹ̀kọ́ wa,
èmi àti Sàká, kó má baà ya.

Àwọn mìíràn á kó ìwé wọn lọ, ó di gbére.
Bàbá mi á ní, "Ẹni tó kú ò jẹ mí ní gbèsè,
àwọn tó kù ni."
Kò rán ẹnikẹ́ni lọ dógò tì wọ́n rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà.
Omi ṣì kù nínú búùtà.
Ẹsẹ̀ ọ̀tún ti tutù, ẹsẹ̀ òsì gbẹ.

Wọn ò tẹ ìwé kankan fún un.
Àyè wo? Kí wọ́n tó kírun àlàásárì,
ó ti wà nínú ilẹ̀ Àtàn.
Pósí mọ́ṣáláṣí ni wọ́n fi gbé e lọ,
wọ́n gbé pósí padà lófìfo.
Aṣọ funfun, ni Sàká wí,
kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo lára rẹ̀.
Mo ń bi í léèrè bí ẹni tó ń ka àyẹ̀wò:
Orúkọ ńkọ́? Ọjọ́ ìbí? Àwòrán?
Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, iyẹ̀pẹ̀ ni."

Gbogbo ìsọ̀ tó wà ládùúgbò pa ẹ̀rọ.
Láti ìgbà tí mo ti dáyé, mi ò gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ rí.
Mo gbọ́ adìẹ.
Mo gbọ́ aládùúgbò tó ń fọ ẹnu, lójúlé kẹta.

Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, obìnrin kan kànlẹ̀kùn:
"Ìwé òkú ìyá mi ńkọ́? Ọ̀la ni."
Gbóyèga, ọmọṣẹ́, wo ojú mi. Mo wo ojú ẹ̀rọ.
Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lára ìṣó, ó gùn dé orókún mi.
Igba ìwé.
Nígbà tó kù díẹ̀ kó pé, rọ́là kejì bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́,
mo sì dá ẹ̀rọ dúró kí Gbóyèga tó gbọ́ nǹkan kan.

Ní ìdájí, ìyá mi ti ìgò kẹrosíìnì sí mi
kí n fi nu ọwọ́. Kò sọ̀rọ̀.

Obìnrin náà san ìdajì.
Ó ní òun á mú ìyókù wá tí wọ́n bá sìnkú tán.
Mo ṣí ìwé gbèsè,
mo kọ orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀,
lábẹ́ àwọn tó kù.