Àgbà Mẹ́rìnlá

Dókítà wo ẹ̀jẹ̀ ríru mi, ó mi orí.
Ó ní kí n lọ máa ṣe eré ìdárayá,
ó fi bébà pélébé kan lé mi lọ́wọ́
bí ẹni ń fún ọmọdé lówó súìtì.

Mo kọ́kọ́ lọ sí gbọ̀ngàn onídígí
tó wà lẹ́bàá ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Leeds.
Dígí níwájú, dígí lẹ́yìn,
àwọn ọmọ ogún ọdún ń fò bíi tata,
mo sì rí ara mi lọ́nà mẹ́jọ,
mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló ń mí hẹlẹ.
Kò sẹ́ni tó bú mi o, n kò ní purọ́ mọ́ wọn.
Kò sẹ́ni tó bú mi, kò sẹ́ni tó kí mi.
Nígbà tí n kò lọ mọ́ ní ọ̀sẹ̀ kẹta,
ta ni ì bá mọ̀?
Owó oṣù mẹ́ta wọgbó.

Winsome tí a jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́
ló fà mí lọ́wọ́ lọ sí Chapeltown,
sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì kan tí tíì àná ń rùn níbẹ̀,
tí ẹ̀rọ amúlégbóná ń wúkọ́ bí arúgbó.
Àwa mẹ́rìnlá.
Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ló kéré jù:
èmi ni. Ẹ gbọ́, èmi ni wọ́n ń pè lọ́mọdé!
Gurdev wa bọ́ọ̀sì fún ọgbọ̀n ọdún,
apá òsì rẹ̀ kì í kọjá èjìká mọ́;
bí wọ́n bá ní ká gbé e sókè, ojú ló fi ń gbé e.
Doreen ló ń kà fún wa: "Mẹ́fà, méje, mẹ́rin,"
a ó bú sẹ́rìn-ín, a ó tún bẹ̀rẹ̀.
Orúnkún ta ló dún yẹn? A kì í béèrè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, yìnyín bo títì, mo sùn.
Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, fóònù ké.
"Ṣé o ti kú ni?"
Mo ní rárá, Doreen.
"Ó dáa. Wọ bàtà rẹ."

Káńsù ti dà wá pọ̀ mọ́ àwọn ọ̀dọ́ rí,
wọ́n ní owó ò tó.
Lọ́sẹ̀ kẹrin, a ku márùn-ún.
Nígbà tí wọ́n tún pín wa, ọmọ kan tẹ̀ lé wa:
Kieran, ẹni ọdún mẹ́tàlélógún,
alùpùpù ló dá a lẹ́sẹ̀.
Mo bi í pé kí ló ń wá láàárín àwa eléwú.
Ó ní, "Ẹ̀yin ẹ máa ń dúró dè mí."
Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí tí mo ti rò pé mo mọ̀
wá dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́.

Wọ́n ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún.
Àgbà mẹ́rìnlá ńkọ́?
A ti ku mẹ́tàlá báyìí, tí a bá ka Kieran.

Lónìí, àga Doreen ṣófo.
Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún.
Mo tẹ nọ́ńbà rẹ̀, ó ń dún, kò gbé e.
Gbogbo wọn gbé ọwọ́ sílẹ̀, wọ́n ń wò mí.
Mo tún un tẹ̀.